Ta ló rọ Psychic lóyè? Bí ẹ̀yà kan ṣe ń gòkè tí òmíràn ń wó nínú Pokémon

Adé_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó ń gbá Pokémon Scarlet lọ́wọ́, mo sì ní kó fi Psychic kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Pokémon, sínú àwọn mẹ́fà tó ń fi jà. Ó wò mí bí ìgbà tí bàbá arúgbó kan bá ń béèrè ọ̀nà ilé ìtajà Kingsway lónìí. Ó ní, "Uncle, Psychic kẹ̀? Kingambit á jẹ ẹ́ bíi búrẹ́dì." (Òkùnkùn àti Irin ni Kingambit.)

Èmi tí mo gbá Pokémon Red lórí Game Boy aláwọ̀ eérú! Nígbà tiwa, ẹni tó bá ní Alakazam, Psychic kan, ni ọba kíláàsì. Kadabra kì í sì í di Alakazam àfi tí ẹ bá fi okùn so Game Boy méjì pọ̀, kí o fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, kó tún dá a padà fún ọ. Ọmọkùnrin kan gba tèmi, kò dá a padà títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ló dé bá Psychic? Ṣé àwọn tó ṣe géèmù náà ló wó o ni, àbí àwa tí à ń gbá a ló gbọ́n sí i?

Kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́: Iná, Omi, Ewé, Yìnyín, Irin, Òkúta, Ilẹ̀, Kòkòrò, Oró, Ìjà àti Òkùnkùn ni mo ń pè wọ́n. Psychic, Ghost, Dragon, Normal àti Fairy, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́.

BàbáSnorlax

Àbúrò mi, ọwọ́ tí wọ́n fi gbé e gorí oyè náà ni wọ́n fi fà á sọ̀kalẹ̀.

Red àti Green jáde ní Japan ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996. Ẹ̀yà 15 ló wà níbẹ̀, Pokémon 151. Nínú 151 yẹn, 33 ló ní Oró lára, oúnjẹ Psychic sì ni Oró. Ta ló wá yẹ kó dá a lẹ́kun? Kòkòrò àti Ghost. Ẹ wo ohun tí wọ́n kó lé Kòkòrò lọ́wọ́ pé kó lọ fi pa erin: Leech Life, agbára 20. Twineedle, 25 lẹ́ẹ̀mejì, Beedrill nìkan ló sì mọ̀ ọ́n, Beedrill tí Oró wà lára òun náà. Kó tó na abẹ́rẹ́ jáde, Alakazam ti gbé e sùn. Ghost ńkọ́? Mẹ́ta péré: Gastly, Haunter, Gengar, Oró sì wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lick tí wọ́n ní, agbára 20. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó kọ kóòdù ṣe àṣìṣe: Lick kò ran Psychic rárá.

Ẹ fi Special kún un. Nígbà náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló dúró fún bí o ṣe lè lù àti bí o ṣe lè gbà á mọ́ra. 135 ni ti Alakazam, 154 ni ti Mewtwo. Slowbro, Psychic mìíràn, tó bá ti ráyè ṣe Amnesia tó ń gbé Special ga lẹ́ẹ̀mejì, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́ kí ẹ máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ọba àwọn ọmọ iléèwé ni Psychic yẹn o. Ọba àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́ ni Normal: Tauros, Snorlax, Chansey. Orúkọ mi kọ́ ló ń bá mi sọ ọ́. Hyper Beam Tauros tó bá ti pa ẹni tó lù, kò ní sinmi ní ìgbà tó kàn bó ṣe yẹ kó sinmi.

Ọmọ_Ṣàngó

Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe kóòdù kẹ̀? Nínú cartoon, Haunter ni Ash lọ mú wá tako Sabrina, ọ̀gá àwọn Psychic ní gym Saffron. Nínú géèmù gan-an, ẹnìkan wà ní gym yẹn tó ń sọ fún ọ pé iwin àti kòkòrò nìkan ni Psychic ń bẹ̀rù. Báwo ni wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sí ẹnu ènìyàn, tí wọn ò ní kọ ọ́ sínú ìṣirò? Ẹ mú ẹ̀rí wá, mi ò gba ti "wọ́n ní".

Adé_Peckham

Red yẹn wà nínú àpótí ní yàrá òkè. N ó gbé e sọ̀kalẹ̀, n ó sì dán an wò fúnra mi. Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Kó tó dé, ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe rọ Psychic lóyè, torí ilé wa ni wọ́n ti wá gbé irin tí wọ́n fi ṣe é.

Gold àti Silver, ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1999. Ẹ̀yà tuntun méjì wọlé. Òkùnkùn: Psychic kò ràn án rárá. Irin: ìdajì péré ni Psychic ń ṣe fún un. Wọ́n tún Ghost ṣe, ó wá ń dun Psychic ní ìlọ́po méjì. Bite tó jẹ́ Normal tẹ́lẹ̀ di Òkùnkùn, nítorí náà gbogbo ajá inú igbó ló di ọ̀tá Alakazam láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n wá pín Special sí méjì, ti ìlù lọ́tọ̀, ti ààbò lọ́tọ̀. 135 ìlù Alakazam dúró, ti ààbò di 85.

Irin ńkọ́? Ẹ̀yà mọ́kànlá ló ń gbà ní ìdajì, ìkejìlá tó jẹ́ Oró kò ràn án. Iná, Ìjà àti Ilẹ̀ nìkan ló lè dùn ún. Ẹ gbé Skarmory kan sí ẹ̀gbẹ́ Blissey kan kí ẹ wò ó bóyá ẹnìkan á ríbi gbà kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti rí ìjà kan tó gba wákàtí kan ààbọ̀. Ẹni tó ń bá mi jà lọ se ẹ̀bà, ó jẹ ẹ́ tán, ó padà wá bá mi níbẹ̀.

ÌyáEevee

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọkùnrin. Gbogbo yín ń ka tábìlì, ta ló ń dun ta, ta ni kò ran ta. Tábìlì kọ́ ló ń gbé ẹ̀yà ga o. Ẹ jẹ́ kí n fi Pokémon kan hàn yín.

Sneasel. Òkùnkùn àti Yìnyín. Attack rẹ̀ (agbára fífi ara lù) 95, Special Attack rẹ̀ (agbára ìkọlù àràmàǹdà) 35. Ọmọ yìí, èékánná ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wo àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1996 títí di 2006, ẹ̀yà ìkọlù ló ń pinnu bóyá Attack ni wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀ tàbí Special. Normal, Ìjà, Òkúta, Ilẹ̀, Kòkòrò, Ghost, Irin àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, Attack. Iná, Omi, Ewé, Yìnyín, Psychic, Dragon, Òkùnkùn àti iná mànàmáná, Special. Ìyẹn ni pé ẹ̀yà méjèèjì tí Sneasel bí mọ́ra, 35 yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò wọn. Ẹ fún ọmọ ní àdá tó mú, ẹ wá ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó máa fi gé igi.

Diamond àti Pearl dé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2006, wọ́n yí i padà: ìkọlù kọ̀ọ̀kan wá ní tirẹ̀, ẹ̀yà kò pinnu mọ́. Ọdún yẹn náà ni Sneasel di Weavile, Attack 120. Kò sí ìlà kankan nínú tábìlì Òkùnkùn tó yí padà, síbẹ̀ ọ̀tun ni wọ́n dà. Gyarados pẹ̀lú, Attack 125, Special Attack 60, láti ìran kejì, ti Gold àti Silver, ló ti ń fi Omi jà bí ẹni tó di ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Waterfall wá di ti Attack, inú wa dùn. Gengar ni tirẹ̀, Ghost lòun, ṣùgbọ́n Attack 65 ni wọ́n fi ń ṣírò Shadow Ball rẹ̀, 130 tó ní ní Special kò wúlò fún ẹ̀yà ara rẹ̀. Gbogbo ọdún tí ẹ sọ pé Ghost kò já mọ́ nǹkan, ìṣirò ni kò jẹ́ kó ríran.

BàbáSnorlax

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdá yẹn, mo ti gbà á.

Garchomp_Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an fún 2006, torí ìgbà náà ni ayé wa dáa.

Ẹ rántí pé ní ìran kìíní, ìdílé kan ṣoṣo ni Dragon: Dratini, Dragonair, Dragonite. Ìkọlù Dragon kan ṣoṣo ló wà, Dragon Rage, 40 ni o máa fi lu ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ Caterpie ì báà jẹ́ Mewtwo. Wọ́n kọ ọ́ sínú tábìlì pé Dragon ń dun Dragon, kò sì sí ìkọlù Dragon tí o lè fi dùn ún. Ẹ̀yà orí ìwé lásán.

Ó di ìran kẹrin, ti Diamond àti Pearl. Outrage tó jẹ́ 90 di 120. Draco Meteor dé, 140. Nínú gbogbo ẹ̀yà, Irin nìkan ló ń gba Dragon ní ìdajì! Ẹni tí kò bá fi Irin sínú ẹgbẹ́, ó ti fẹ́ kú nìyẹn. Garchomp ọmọ mi, àwọn ará Smogon, àwọn tó ń ṣòfin ìjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jókòó, wọ́n lé e kúrò nínú OU, ìpele ìjà wọn tó gbajúmọ̀ jù, ó lágbára jù. Ìran karùn-ún, Hydreigon, Haxorus, Latios, Salamence, Dragonite tí Multiscale, agbára àbímọ́ rẹ̀, ń bò lára. Ayẹyẹ ni.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé Fairy wá. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2013, X àti Y. Dragon kò ràn án rárá. Kì í ṣe ìdajì o, kò ràn án! Mo fi Outrage lu ajá aláwọ̀ ewé-ọsàn kan tí ń jẹ́ Snubbull, kò mì. Mo pa Nintendo 3DS dé, mo lọ sùn.

ÌyáEevee

Garchomp, Snubbull kì í ṣe aláwọ̀ ewé-ọsàn, aláwọ̀ osùn tó ti ṣá ni. Ìbínú ti bà ọ́ lójú jẹ́.

Ohun tó wù mí nínú Fairy ni àwọn tí wọ́n yí ẹ̀yà wọn padà. Clefairy ti wà láti 1996, Normal ni. Ó sùn ní Normal, ó jí ní Fairy, Clefable sì wà lára àwọn tó le jù láti ìgbà náà. Togekiss, Gardevoir, Azumarill, Mawile, gbogbo wọn ló gbà á. Azumarill tí à ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀, òun ló ń fọ́ Dragon lórí báyìí.

Ọmọ_Ṣàngó

Ẹ dákun, kí la wá ń pe Fairy ní Yorùbá? Iwin ni.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ghost ni iwin.

Ọmọ_Ṣàngó

Ghost ni òkú. Iwin inú igbó kì í ṣe òkú, kò kú rí.

BàbáSnorlax

Adé ti ní ká fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn lo ojú ìwé mẹ́ta.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún Dragon, ẹ tún bá wa sunkún: ọdún 2013 yẹn náà ni wọ́n gba Ghost àti Òkùnkùn lọ́wọ́ Irin. Tẹ́lẹ̀, ìdajì ni à ń gbà wọ́n, ní báyìí odindi ni. Mọ́kànlá di mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi dá a padà, torí Irin ń gba Fairy ní ìdajì, ó sì ń dùn ún ní ìlọ́po méjì. Mẹ́sàn-án tún di mẹ́wàá. Aegislash, Ferrothorn, Heatran, iṣẹ́ kún ọwọ́ wọn.

Ẹni tó jèrè jù lọ́wọ́ Fairy ni Oró, ẹ má gbàgbé. Láti ìran kejì dé ìkarùn-ún, Ewé nìkan ni Oró ń dùn. Ewé nìkan! Odidi ẹ̀yà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ba ọgbà jẹ́. Fairy ló gbà á sílẹ̀.

Kòkòrò_Inú_Obì

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, mo ń dúró kí ẹnìkan dárúkọ wa. Ó dáa, n ó dárúkọ ara mi.

Ẹ̀yà méje ló ń gba Kòkòrò ní ìdajì: Iná, Ìjà, Oró, Ghost, Irin, àwọn tí ń fò, àti Fairy tó dé kẹ́yìn. Àwa ni wọ́n fi ń gbáralẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà tuntun. Ìyẹn kọ́ ló pa wá o. Ohun tó pa wá ni òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ ní 2006.

Stealth Rock. Ẹnìkan á lò ó lẹ́ẹ̀kan, òkúta á fò yí ilé rẹ ká, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń gún. Bí Òkúta bá ṣe ń dùn ọ́ sí ni yóò ṣe gún ọ tó. Ẹni tó dùn bó ṣe yẹ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó dùn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó dùn ní ìlọ́po mẹ́rin, ìdajì! Yanmega, Kòkòrò tí ń fò: ìdajì. Volcarona, Kòkòrò oníná: ìdajì. Charizard tí gbogbo ayé fẹ́ràn: ìdajì. O ò tíì jà, o kàn wọlé ni. O tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì, o ti kú. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń lọ sí òde àríyá tí wọ́n na án lẹ́nu ọ̀nà kó tó kí ìyàwó.

Kò sí ìlà kan nínú tábìlì tó yí padà fún Kòkòrò ní ọdún yẹn. Ìkọlù kan ṣoṣo ló dé, ẹ̀yà mẹ́ta sì wó: Kòkòrò, Iná, Yìnyín. Ọdún mẹ́tàlá la fi rìn lórí òkúta yẹn láìwọ bàtà. 2019, Sword àti Shield, ni wọ́n tó fún wa ní bàtà, Heavy-Duty Boots. O wọ̀ ọ́, òkúta kò gún ọ mọ́. Volcarona ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà.

Èyí tó tún máa ń dùn mí: U-turn, ìkọlù Kòkòrò, o lu ènìyàn tán o sá padà sílé, gbogbo ayé ló ń lò ó. Landorus ń lò ó. Kòkòrò wo ló wà lára Landorus?

Yìnyín_Ò_Yọ́

Arákùnrin, wá jókòó tì mí.

Ní 1996, Blizzard ní agbára 120, nínú ìgbà mẹ́wàá mẹ́sàn-án ló ń bá ẹni. Iná kò gbà á ní ìdajì nígbà náà. Ẹni tó bá gan, ó gan nìyẹn, ó ṣòro kó yọ́ àfi tí ọ̀tá bá fi iná lù ú. Kí wá ni wọ́n ṣe? Tauros ń lo Blizzard. Chansey ń lo Ice Beam. Lapras, Cloyster àti Jynx náà wà níbẹ̀, mi ò sọ pé wọn ò sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun lórí yìnyín jù kì í ṣe ará ilé yìnyín.

Òun náà ló ṣì ń ṣẹlẹ̀ di òní. Yìnyín ń dun Dragon, Ilẹ̀, Ewé àti àwọn tí ń fò. Garchomp, Dragonite, Salamence, ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lù wá, Yìnyín nìkan la lè gbà ní ìdajì. Odindi la fi ń gba èyí tó kù, àfi Iná, Ìjà, Òkúta àti Irin tí wọ́n ń dùn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣàánú wa díẹ̀: Scarlet àti Violet mú yìnyín wíwọ̀ kúrò, wọ́n fi òjò dídì rọ́pò rẹ̀, tó ń fi ìdajì kún Defense gbogbo Yìnyín.

Ọmọ_Ṣàngó

Ẹ̀yà tèmi ńkọ́? Mànàmáná kò jọba rí, kò sì wó rí. Ilẹ̀ nìkan ló ń dùn wá, láti 1996. Ẹ sì rántí 2014: Se Jun Park ará South Korea gbé Pachirisu, ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan, lọ sí ìdíje àgbáyé, ó sì gba ife. Ẹ lọ wò ó nínú tábìlì yín bóyá ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

Tera_Ọmọ_Àná

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo kéré sí gbogbo yín, Violet ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yà ṣì wà báyìí? Pokémon èyíkéyìí ló lè yí ẹ̀yà padà láàárín ìjà, Tera ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan péré nínú ẹgbẹ́ rẹ, lẹ́ẹ̀kan. Dragonite mi, ẹ ní Yìnyín ń dùn ún ní ìlọ́po mẹ́rin. Tí ẹ bá ti fẹ́ lù ú báyìí, n ó sọ ọ́ di Normal, Extreme Speed, ìkọlù Normal rẹ̀, á sì wá le sí i. Yìnyín yẹn á wá bá a bí ó ṣe ń bá ẹnikẹ́ni.

Garchomp_Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo ti fẹ́ràn rẹ.

ÌyáEevee

Àbúrò, ẹ̀yà wà dáadáa. Kí ló dé tí Normal ni o sọ ọ́ di, tí kì í ṣe Yìnyín? Torí o mọ ohun tó ń dùn àti ohun tí kò dùn. Ìwọ gan-an ń ṣírò tábìlì ju bàbá Snorlax lọ, àyà ọ̀tá rẹ ló kàn ń já, torí kò mọ ìgbà tí o máa yí padà. Àti pé Gholdengo àti Kingambit tí ẹ ń bẹ̀rù, Irin ni wọ́n jí, Irin ni wọ́n sùn, láìfi ti Tera ṣe rárá.

BàbáSnorlax

Èmi wo ni ìwọ ń fi wé ọmọdé?

Adé_Peckham

Mo ti dé. Ẹ má bínú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Bátìrì inú Red yẹn ti kú. Mi ò mọ̀ pé bátìrì ló ń tọ́jú géèmù tí a bá save, gbogbo ohun tí mo ní láti ọjọ́ yẹn ti lọ. Mo gbé e fún ẹnìkan tó fi iná jó bátìrì tuntun mọ́ ọn, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti Pallet Town. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń béèrè ìdí tí kò fi ní àwọ̀. Kí n tó rí Silph Scope gbà ní Celadon, kí n tó lè mú Gastly nínú ilé gogoro Lavender, ojú ti rí tó.

Mo mú Gastly lọ sí Route 11. Drowzee yọ jáde, Psychic ni, kò yá nílẹ̀, nítorí náà Gastly ló kọ́kọ́ lù ú. Lick. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ràn án. Mo tún lù ú. Kò ràn án. Mo lo Night Shade, ìyẹn bà á. Ọmọ_Ṣàngó, mo ti ya fọ́tò rẹ̀, ojú Game Boy kàn ń dán jù ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò fi ṣe update?" Mo ní kò sí update nígbà náà, ohun tó bá ti wà nínú katirííjì ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Lójoojúmọ́ ayé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n gbé Game Boy wá, òun fẹ́ mú Abra.

Ọmọ_Ṣàngó

Mo gbà. Sọ fún un kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣe pàṣípààrọ̀ Kadabra yẹn o.